Ọmọ Gbogbo Ilé, àti ìdí tí n kò fi kì ọ́ rí

Àdúgbò Television,
Kàdúná.

Rùkáyátù, ọmọ mi àtàtà,

Àwọn tó kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ ní kí á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ṣùgbọ́n àná náà la sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ tuntun náà dùn mọ́ ọ, pé ẹ̀fọn Ìlọrin kò sàn ju ti Kàdúná lọ. Jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni ìdí tí mo fi dákẹ́.

O rántí bó ṣe rí. O ń rẹ́rìn-ín, o ń pariwo: "Baba, wallahi, ó kì mí! Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa, ó ní ọmọ Ilé Olódán lòun náà. Ó kì mí, mo sì ń sunkún láàárín àwọn aláìsàn!" O ní ó fẹ́ mú ọ lọ rí àwọn àgbà ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ilẹ̀ bàbá rẹ wà níbẹ̀ tí ó ń retí ẹni. O wá béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ̀yin ò kì mí rí, Baba?" N kò fèsì. O bi mí ní Háúsá bóyá mò ń gbọ́ ọ: "Baba, kana ji na?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Irọ́ ni. Àyà mi ló já.

Màmá rẹ ní kí n tún pè ọ́ padà. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí gùn ju káàdì fóònù lọ, mo sì mọ ara mi: bí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, n óò yí i sí àwàdà níbi tó bá ti dùn mí jù. Nínú ìwé, ojú á tì mí láti sá. Jókòó kà á. Bí o bá ń kà á níbi iṣẹ́, pa á dé, dúró di ilé.

Nígbà tí ìwọ ṣì kéré, tí mo máa ń gbé ọ síwájú mi lórí alùpùpù àchàbà lọ sílé ìwé, ìgbà kan wà tí ìlú yìí kò fara rọ. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Kàdúná tí kò ronú ilé nígbà náà. Ẹni tí kò tí ì wọ Ìlọrin láti ìgbà tó ti gbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ebi ilé ń pa wá. Bí ebi bá sì ń pa ènìyàn, kì í béèrè ẹni tó se oúnjẹ.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nígbà náà. Alága wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní oyè tó pọ̀ débi pé bí a kò bá kà wọ́n tán, kò ní jẹ́ kí á ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nílé. Ṣùgbọ́n èmi náà kò kéré. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ ìpàdé tó kọjá, mo máa ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tí èmi fúnra mi á délé lọ wá ìtumọ̀ wọn. Àwa méjèèjì ni ẹran tí ọdẹ ń wá kiri.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ó wọlé bá wa ní ìpàdé nílé alága. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ olówó. Kò kí ẹnikẹ́ni ní "ẹ káàsán." Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì alága, kò gbé orí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki alága. Ó kì í, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Rùkáyátù, ọkùnrin tí kò da omijé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná fi apá agbádá nu ojú.

"Ta ni ọ́, ọmọ yìí?" ni alága béèrè.

"Ọmọ yín ni mí, bàbá. Sáádù ni wọ́n ń pè mí, láti Ilé Olódán. Baálé ló rán mi. Wọ́n ní kí n wá kó àwọn ọmọ wọn tó tú ká sí òkè Ọya jọ, pé wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ Ilé Olódán, mo ti dìde. Ó yíjú sí mi. Ó ní:

"Àlàó, ọmọ olódán tí í ṣíji bo àlejò,
ọmọ a-tẹ́ní-sílẹ̀-kí-àlejò-tó-dé.
Ẹ bu ẹran fún àlejò, ẹ gbàgbé ará ilé."

Dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí gan-an ni mo ti ṣìnà. Ìlà kẹta yẹn kì í ṣe ti ọmọ bíbí ilé wa. Àwọn ìyàwó ilé ló máa ń fi kún un tí wọ́n bá fẹ́ fi ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn ọkùnrin Olódán a máa ṣe àlejò lóore títí, wọn a gbàgbé ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ilé kì í fi bú ara rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi á dé ìlà kejì, á dákẹ́, àwọn obìnrin á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ilé ìdáná, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nígbà tí Sáádù dé ibẹ̀ tí kò dúró, etí mi gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé etí mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ọmọ bàbá mi ní ìlú yìí. Ní Kàdúná, Málàm Mùhídìn ni mí. Mo sọ fún ara mi pé oríkì a máa yà síra láti ẹnu dé ẹnu. Alákọ̀wé kì í ṣàìrí àlàyé fún ohun tí ó bá fẹ́ gbà gbọ́.

Wàyí o, Ìyá Mahuta. Láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, o mọ̀ ọ́n lórí fóònù nìkan, lọ́jọ́ Ìléyá, àti àwòrán tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Òun ló pọ̀n mí. Òun ló bẹ ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè kó mú mi wá sí Kàdúná, kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí ọkọ náà kú, ilé kan ló fi sílẹ̀ fún un ní Mahuta, níhìn-ín ní Kàdúná, yàrá mẹ́ta, pẹ̀lú igi gúáfà kan lẹ́yìnkùlé tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń gùn bí ẹni pé bàbá wọn ló gbìn ín. Ilé yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Kò bímọ. Èmi ni ọmọ.

Sáádù ní Baálé ti ya ilẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè kọ́lé sórí tirẹ̀, wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí àga tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

"Àlàó," ó ní, "jẹ́ kí á ránṣẹ́ sílé ná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí wọ́n rán wá láti ilé ni ẹ tún fẹ́ ránṣẹ́ sílé lọ béèrè?"

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Àwọn awakọ̀ Ìlọrin ń lọ lójoojúmọ́ láti gárèèjì."

"Ẹ fẹ́ dójú tì mí. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́! Kí wọ́n wá gbọ́ nílé pé àwa tí a wà ní òkè Ọya ń fura sí ọmọ ilé. Ta ni kì í ṣe ọmọ ilé tí yóò mọ̀ wá tó báyìí?"

Ó ní, "Ó mọ oríkì wa. N kò tí ì rí i pé ó mọ̀ wá."

Mo rẹ́rìn-ín sí i, Rùkáyátù. Ẹ̀rín tí mo máa ń rín sí ọmọ kíláàsì tó fèsì kí n tó béèrè ìbéèrè tán ni. Mo wá ṣe àlàyé fún un nípa oríkì orílẹ̀ àti oríkì àbísọ, bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó dáa. Bí o bá ní kí n ṣe é, n óò ṣe é." Kì í ṣe Sáádù ló gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Sáádù kò lè dá a gbà.

Ó ta ilé náà. Sáádù gba owó rẹ̀, ó lọ, ó padà wá pẹ̀lú fọ́tò ìpìlẹ̀ ilé: búlọ́ọ̀kù tó tò dáadáa, òkìtì yanrìn, ọkùnrin kan tó di ṣọ́bìrì mú. Èmi fúnra mi ni mo gbé fọ́tò náà kiri ní ìpàdé. Lẹ́yìn náà, ó ní wọ́n ti ń bo òrùlé, kí ìyá máa bọ̀. Láti Television níbí ni ẹ̀gbọ́n mi ti kó ẹrù sínú lọ́rì: bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, ìjókòó igi tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un, pẹ̀lú ọmọ igi gúáfà kan tí ó gbìn sínú garawa. Mo gba àdúrà gígùn fún un lẹ́bàá ọkọ̀, títí awakọ̀ fi fọn fèrè. "Malam, ya isa haka," ló ń wí, pé ó tó o, kí ilẹ̀ má ṣú bá òun lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi dé Ilé Olódán. Baálé jáde sí i, ó kí i dáadáa, ó ní, "Ta ni ń jẹ́ Sáádù?" Ilẹ̀ wà lóòótọ́, ewúrẹ́ ló ń jẹko lórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló bá a sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ níta, lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi fóònù pawó, ó pè mí. Ó ní, "Àlàó, kò sí ilé."

Ìgbà ìkẹyìn tó pè mí ní Àlàó nìyẹn.

Ṣé o fẹ́ mọ irú ẹni tí Sáádù jẹ́? Àwa náà fẹ́ mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń gbọ́. Ní Minna, Gàníyù ló ń jẹ́, ọmọ ilé mìíràn pátápátá. Ní Jos, wọ́n ti fún un níyàwó nítorí oríkì, àna rẹ̀ sì ra alùpùpù fún un. Ní Zaria, ó dé ibi òkú kan, ó ki olóògbé títí àwọn ọmọ òkú fi fún un ní ọkọ̀ bàbá wọn kó gbé e lọ fún àwọn ará ilé. Ọkọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ ará ilé kankan. Àwọn ènìyàn ló sọ ọ́ ní Ọmọ Gbogbo Ilé, orúkọ náà sì tàn dé Sókótó. Bó bá fẹ́ wọ ìlú kan, kì í wá olówó. Ó máa ń wá ìyàwó àgbà kan tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Níhìn-ín, ìyàwó ilé wa kan tó ń ta kúnú ní gárèèjì Television ló lọ jókòó tì. Ìyá náà sọ fún wa nígbẹ̀yìn, ojú ń tì í: "Ó ní ohùn mi dùn. Ó ń mu kúnú, ó ń ní kí n tún un kì. Ẹnu rẹ̀ á máa mì bí ti ọmọ ilé kéwú. Mo rò pé ọmọ dáadáa ni." Ibẹ̀ ni ìlà kẹta yẹn ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu ìyàwó ló ti kọ́ ọ, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró.

Wọ́n mú un ní Zaria. Mo bá alága lọ wò ó ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bó ṣe rí wa, ó tún dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì. "Àlàó, ọmọ olódán tí í ṣíji bo..."

"Dákẹ́!" ni mo wí. "A ti gbọ́ tiwa. Ki ara rẹ, kí á gbọ́."

Ọlọ́pàá tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní, "Kai, Malam ya kama shi," pé mo ti mú un, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Sáádù gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí ì bá kì mí fi mí sílẹ̀ sí ìdí rélùwéè. Ìyá arúgbó kan tó ń ki òkú kiri ló gbé mi tọ́. Ó mọ oríkì gbogbo ayé. Kò mọ èyí tó yẹ kó ki èmi."

Omi lé sí mi lójú. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì fún un. Alága kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Kàdúná. Lẹ́yìn náà, ará Minna kan sọ fún mi pé ohun tó sọ fún àwọn ni pé ìyá òun kú sínú omi. N kò tí ì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, bóyá kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó jẹ búrẹ́dì mi. Ìyẹn kò ní àní-àní. Wọ́n ní wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. A kò gbọ́ ìparí rẹ̀, ilé Mahuta kò sì padà.

Ó yẹ kí n fún ọ ní ìmọ̀ràn wàyí, kí lẹ́tà yìí lè jọ lẹ́tà bàbá.

Ìkíní, ẹni tó mọ oríkì rẹ kò tí ì mọ̀ ọ́. Orin ni, ènìyàn lè kọ́ orin. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sọ pé ọwọ́ ta ni obì yóò bọ́ sí.

Ìkejì, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé "dúró ná, jẹ́ kí á béèrè," má ṣe rò pé ó fẹ́ tẹ́ ọ. Ẹni tó bá ń kánjú mú ọ lọ ni kí o wò dáadáa. Ilé kò sá lọ rí. Bó bá jẹ́ tìrẹ lóòótọ́, yóò dúró títí Jímọ̀ mìíràn.

Ìkẹta, má fi ìwé tí o kà ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sáádù ló gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ló gbà gbọ́. Ìwé mi ni ọkùnrin yẹn fi ṣe àkàbà gun ilé ẹ̀gbọ́n mi.

Èyí tó kàn kò ní nọ́ńbà, nítorí kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ó jẹ́ èsì ìbéèrè rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìlọrin, ìwọ jí, o kúnlẹ̀ kí wa. Màmá rẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olódán..." Mo jágbe mọ́ ọn pé n kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé yìí. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, o rò pé ìwọ lo ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kì ọ́. O dàgbà, bí mo bá fi Yorùbá pè ọ́, "To, Baba" ti Háúsá lo fi ń dá mi lóhùn. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, a máa ń jókòó ráhùn pé Kàdúná ti gba èdè lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Mo máa ń mi orí pẹ̀lú wọn. Mo mọ ẹni tó gba tìrẹ. Ilé ni Sáádù jí kó. Oríkì rẹ, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jù ú síta. Bí ebi rẹ̀ ṣe pa ọ́ débi tí o fi sunkún níwájú àjèjì, èmi ni mo fi ebi náà pa ọ́. Dárí jì mí.

Nípa ti ọkùnrin ibi iṣẹ́ rẹ, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ bú ọmọ ọlọ́mọ. Ó lè jẹ́ ìbátan wa tòótọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní bínú pé o béèrè. Ṣùgbọ́n kí o tó tẹ̀lé e lọ síbi kankan, lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mahuta. Kò padà sí Kàdúná mọ́. Ó ní òun kò lè máa kọjá níwájú ilé òun. Yàrá kan ló gbà ní Ìlọrin níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ màmá rẹ, ìyẹn yóò júwe ọ̀nà fún ọ. Wàá mọ ilé náà, nítorí igi gúáfà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó yè.

Mo ti lọ rí, lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́ ẹní fún mi. Ó fún mi lómi tútù. Ó ní, "Bàbá Rùkáyátù, ẹ kú ìrìn." Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀! Ó gbé oúnjẹ wá, ẹran inú rẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rí ohun tó ń sọ fún mi. Àlejò la máa ń bu ẹran fún.

Nítorí náà, bí o bá dé ibẹ̀, má gba ọ̀rọ̀ mi sọ. Má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Èmi ni Àbẹ̀kẹ́," kí o sì dákẹ́. Bó bá bu ẹran púpọ̀ fún ọ, jẹ ẹ́, dúpẹ́, kí o tún lọ ní ọjọ́ mìíràn. Títí yóò fi rán ọ lọ fọ abọ́ bí ọmọ ilé. Lọ́jọ́ tó bá rán ọ níṣẹ́, béèrè ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó bá sọ ni kí o ṣe.

Bó bá sì kì ọ́, gbọ́ ọ dé ìlà kẹta. Ó lè fi ìyẹn kún un nítorí mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Má fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún mi. Bó bá fẹ́ kí n gbọ́, ó mọ orúkọ tí òun máa ń pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùhídìn.